Kẹ̀kẹ́ Àwẹ̀ró ní Ìlú Aṣerémájà

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó má jókòó sí ìdí ògiri lọ́hùn-ún, nítorí ohùn tó kù lọ́fun mi kì í rìn jìnnà mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé n kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Èmi Ọdẹ́níran yìí ni mo máa ń sun ìjálá lórí àpáta Ìdó-Ọ̀pẹ tí àwọn tó ń ṣẹ́gi ní òdìkejì odò á máa gbè é. Ẹfọ̀n gbọ́ ohùn mi rí, ó gbàgbé ibi tó ń lọ. Jìnádù, má rẹ́rìn-ín, wọn kò tíì bí ọ nígbà náà. Béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ. Lónìí, bí mo bá fẹ́ pe ewúrẹ́ mi wálé, ọwọ́ ni mo fi ń júwe sí i. Ibi tí mo ná ohùn náà sí ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lọ́sàn-án yìí, kò sì dùn mí rárá pé mo ná an.

Gbogbo yín ni ẹ mọ Ọdẹ́bùnmi ọmọ mi obìnrin, ẹ sì mọ Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀. Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, Àwẹ̀ró ti dàgbà tó ẹni tó ń fọ abọ́, eyín iwájú rẹ̀ ti ń mì, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ rí. Kì í ṣe adití. Bí ẹ bá ní kó gbé àpótí wá, á ti gbé e dé kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ ni kò jáde lẹ́nu rẹ̀, ìbáà ṣe ẹyọ kan. Mo bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń wẹ̀ ẹ́, ó ń sọ fún un pé, “Pè mí lẹ́ẹ̀kan péré. Bí o bá ti lè pè mí lẹ́ẹ̀kan, n kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.” Ọmọ náà wo ẹnu ìyá rẹ̀ títí, ó fi ìka tọ́ ọṣẹ sí i nímú, ó sì rẹ́rìn-ín láìdún. Mo padà sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ọjọ́ kan tí mo lọ wo tàkúté tí mo dẹ sí etí Igbó Aláriwo, mo bá ìyá iwin kan níbẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní, ó wà ní àárín iwájú orí rẹ̀, irun rẹ̀ sì wọ́ nílẹ̀. Ó ń ti nǹkan kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí: àga kékeré tó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tó ní ìbòrí lókè, tí ọmọ iwin kan sì sùn sínú rẹ̀ fọnfọn. Tàkúté mi ló há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Ọdẹ mìíràn ì bá ti ju ìbọn sílẹ̀ kó sá. Èmi bẹ̀rẹ̀, mo ṣí tàkúté, mo gbé kẹ̀kẹ́ náà kọjá gbòǹgbò igi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ọmọ má baà jí. Ọmọ iwin náà, ọmọ ni.

Ìyá iwin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì bi mí pé kí ni ó ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀, nítorí òun rí i lójú mi. Mo ro ẹjọ́ Àwẹ̀ró fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí n gbé ọmọ náà lọ sí Aṣerémájà, ìlú eré tó wà ní ìkọjá igbó, níbi tí gbogbo ẹbọra àti iwin ti ń kó ọmọ wọn lọ ṣe fàájì. Ó ní ní àárín ìlú náà ni Orísun Ohùn wà, ọmọ tó bá mu níbẹ̀ á fọhùn. “Ṣùgbọ́n ọjọ́ àríyá ńlá nìkan ni wọ́n ń ṣí i,” ni ó wí, “bí oòrùn bá sì ti wọ̀, wọ́n á tì í. Èrò ọjọ́ náà pọ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í dé ibẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀nà ló jìn.” Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé èmi Ọdẹ́níran kò rí èrò tí kò yà fún mi rí. Ó fi ojú kan ṣoṣo náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo sọ fún Ọdẹ́bùnmi, kò sunkún. Ó fi ọ̀já pọn ọmọ náà mọ́ mi lẹ́yìn, ó so ó le, ó tún tú u, ó tún un so. Ó wá ní, “Bàbá, bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣáà mú un padà wá fún mi bó ṣe wà.” Mo ní mo gbọ́. N kò lè wo ojú rẹ̀ nígbà tí mo ń dáhùn.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a wọ Igbó Aláriwo, ibẹ̀ sì le. Igi tó wà níbẹ̀ ní ẹnu. Ẹni tó bá dá wọn lóhùn, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti ta gbòǹgbò. Mo ti múra de èébú, mo ti mú ojú mi le, àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Wọ́n mọ oríkì mi, wọ́n mọ ti bàbá mi, wọ́n ka gbogbo erin tí mo pa, wọ́n tilẹ̀ fi méjì kún un. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, oríkì a máa pa mí bí ọtí. Orí mi wú, mo yanu pé kí n dá wọn lóhùn, ni Àwẹ̀ró bá na ọwọ́ kékeré láti ẹ̀yìn mi, ó fi bò mí lẹ́nu. Báyìí ni ó ṣe dì mí lẹ́nu mú títí a fi jáde nínú igbó náà. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ló mọ ìgbà tó yẹ kí ọdẹ dákẹ́.

A dé ẹnubodè Aṣerémájà ní òwúrọ̀ ọjọ́ àríyá ńlá. Adènà ibẹ̀ ga débi pé ẹyẹ kọ́ ilé sí èjìká rẹ̀. Ó wo ìbọn mi, ó wo àpò oògùn mi, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní ìbéèrè kan ni òun ń bi àlejò: “Nínú ìwọ àti ọmọ tí o pọ̀n yìí, ta ni arìnrìn-àjò?”

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe èmi tí mo ti la igbó méje kọjá? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Bí mo ṣe ń sọ nípa ara mi ni ẹnubodè ń sún sẹ́yìn. Mo rìn tẹ̀ lé e, mo ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó tún sún. Nígbà tí mo sọ dé orí ẹfọ̀n tó gbàgbé ibi tó ń lọ, n kò rí ẹnubodè mọ́ àfi fìrífìrí. Ó rẹ̀ mí, mo sọ Àwẹ̀ró kalẹ̀. Ó dìde dúró lórí ìka ẹsẹ̀, ó na ọrùn, ó ń wo ohun kan tó ń yí lókè ìlú náà lọ́nà jíjìn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. N kò rí ojú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé, nítorí ẹ̀yìn mi ló wà. Mo wò ó, mo sì sọ wẹ́rẹ́ pé, “Ọmọ yìí ni. Èmi kàn ń gbé e lọ ni.” Kí n tó gbé ojú sókè, ẹnubodè ti wà lẹ́sẹ̀ wa.

Adènà gba ìbọn mi gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ti kẹ̀kẹ́ ọmọ kan wá, ìbòrí rẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Mo ní mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n níbi tí a ti wá, ẹ̀yìn ni à ń gbé ọmọ sí. Ó ní, “Lẹ́yìn rẹ, ìpàkọ́ rẹ nìkan ni ó ń rí. Ó ti rí i tó.” Ó gbé ọmọ náà sínú kẹ̀kẹ́, Àwẹ̀ró di etí rẹ̀ mú, ó sì jókòó bí olóyè. Ọmọ wà níwájú, èmi àgbà wà lẹ́yìn, a wọlé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ìlú. N kò rí irú èyí rí. Kẹ̀kẹ́ ràbàtà kan dúró lóòró láàárín ọjà eré, ó ń gbé àwọn èèyàn yí po lọ sókè títí wọ́n á fi fọwọ́ kan ìkùukùu, á sì rọra gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Ẹṣin onígi ń sáré yíká láìṣe pé ẹnìkan ń nà wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi ń já ṣòòròṣò láti orí òkè, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ké, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún lọ tò láti padà gùn ún. Èrò ibẹ̀ kò lóǹkà: ẹlẹ́sẹ̀ kan, olórí méjì, àwọn tí apá wọn gùn dé ilẹ̀, àwọn tí ara wọn ń tàn yanran. Gbogbo wọn ló ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé kẹ̀kẹ́ kò kọ lu kẹ̀kẹ́. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ kan náà ni mò ń gbọ́ lọ́tùn-ún lósì: àgò o, àgò yà, àgò o, àgò yà.

Èmi kò kágò. Nílé wa níbí, ọmọdé ní ń kọ́kọ́ kí àgbà, bí mo bá sì ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa ń yà fún mi. Ẹnu ọ̀nà onílé nìkan ni mo ti ń kágò. Nítorí náà mo gbé àyà síwájú, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ gbọnrangandan, mo ń retí kí wọ́n rí mi. Kò pẹ́ tí mo fi gbá ẹnìkan ní gìgísẹ̀. Iwin kúkúrú kan ni, kò ga ju orúnkún mi lọ, ó dé ìkarahun ìgbín bíi fìlà. Ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà wúwo lọ́wọ́ mi, ó di ohun tí n kò lè tì mọ́, bí mo ti lágbára tó.

Iwin náà kò bú mi. Ó di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ rí mi kí ẹ tó gbá mi?”

Mo ní mo rí i. Mo ní èmi ni àgbà, mo ń retí kó kí mi, kó sì yà.

“Èmi kò rí yín,” ni ó wí. “Ojú mi wà níwájú, ẹ̀yin sì wà lẹ́yìn mi. Ibi tí mo dúró sí yìí, ilé mi ni títí n ó fi kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ máa ń wọ ilé onílé láìkágò?”

Ojú tì mí. Mo yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò bóyá mo lè rí ibi gbà á mú, n kò rí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí n ó ṣe. Mo já ewé sí i lẹ́sẹ̀, mo fi oògùn ọgbẹ́ tó wà lápò mi sí i, mo sì ní, “Àgò o.” Ó nira lẹ́nu mi nítorí pé ọmọdé ló jọ lójú mi. Ó dáhùn pé, “Àgò yà, bàbá,” ó yà, kẹ̀kẹ́ sì fúyẹ́ padà. Ìgbà tí mo wo iwájú, Àwẹ̀ró ti yí ojú sẹ́yìn, ó ń wo ẹnu mi gan-an.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kágò. Mo kágò fún àgbà, mo kágò fún ọmọ ọwọ́, mo kágò fún ìyá kan tó ní ojú ní ìpàkọ́ nítorí pé ojú náà ń sùn. Ẹ̀ bá rí bí wọ́n ṣe ń yà. Kì í ṣe yíyà ìbẹ̀rù tí mo mọ̀ nílé. Wọ́n á yà, wọ́n á sì fa aṣọ ara wọn mọ́ra kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lè rí àyè, wọ́n á bojú wo inú kẹ̀kẹ́, wọ́n á kí ọmọ. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ìjálá kágò, ohùn ńlá tí mo ní nígbà náà. Jìnádù, bí mo bá ké e, èrò tó wà ní ìdí ẹṣin onígi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílẹ̀ dè mí.

Àṣìṣe mi kò tíì tán. Mo gbé Àwẹ̀ró gun ẹṣin onígi, mo gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níta pẹ̀lú àpò oògùn mi tí mo fi kọ́ ọ lọ́rùn. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò sí níbi tí mo gbé e sí. Mo lọgun olè. Ẹ mọ ohùn tí mo ní. Gbogbo ọmọ tó ń sùn nínú kẹ̀kẹ́ yí ibẹ̀ ká ló jí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹkún sọ. Obìnrin arúgbó kan wá bá mi, ó fi aṣọ funfun wé orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ojú ọ̀nà ni mo gbé kẹ̀kẹ́ dí, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kan kò rí ibi kọjá, òun sì ti gbé e lọ tò mọ́ ti àwọn yòókù lábẹ́ igi. Ó mú mi dé ibẹ̀. Òjò ti kán díẹ̀, ó ti fi ewé kókò bo ìjókòó ọmọ kó má baà tutù. Àpò mi wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó tú u wò. Ní Ìdó-Ọ̀pẹ wa yìí, ta ni yóò bá mi sún ohun ìní mi, tí yóò sì tún bò ó nítorí òjò? Mo fẹ́ràn ìlú náà láti ìgbà yẹn. Mo lọ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan dé ọ̀dọ̀ ìyá kejì, mo ń bẹ̀ wọ́n nítorí ọmọ wọn tí mo jí lójú oorun, mo ń dá àwọn ọmọ náà lẹ́kún, mo ń kọrin fún wọn. Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn fi dákẹ́, ọ̀fun mi ti ń ha.

Oòrùn ti yí. A kò tíì dé Orísun Ohùn, èrò sì ń ki sí i. Níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kánmọ́kánmọ́ ti bá mi rìn. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ tó fi aṣọ bò, ìtì igi ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Ó gbé e wá kí wọ́n lè máa yà fún un ni. Ó sọ sí mi létí pé ta ló ń kágò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pé kí n rọ́ kẹ̀kẹ́ lu ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra wọn. N kò ní purọ́ fún yín, mo wo oòrùn, mo rántí Ọdẹ́bùnmi níbi tó ti ń tú ọ̀já tó ń tún un so, ọwọ́ mi sì le mọ́ ìdìmú kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n Kánmọ́kánmọ́ kò dúró dè mí. Ó rọ́ lu èrò. Kò rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wọ ilẹ̀, ìtì igi inú rẹ̀ rú ewé, ó ta ẹ̀ka, ó sì há a mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń yí i po jẹ́jẹ́, wọ́n ń kágò fún un bí wọ́n ti ń kọjá. Èmi náà kágò fún un, mo kọjá.

Mo ń kágò lọ báyìí títí a fi dé afárá tó wọ Orísun Ohùn. Afárá náà tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ̀kẹ́ kan péré ló gbà, ó sì dagun. Ní orí rẹ̀ gan-an ni bàbá iwin kan dúró sí tó kẹ̀yìn sí wa, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn, ó ń wo omi tó ń ṣàn nísàlẹ̀. Mo rí orísun náà lódìkejì afárá, mo rí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí igi. Mo la ẹnu pé kí n kágò, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo tún gbìyànjú, kò sí nǹkan kan. Ohùn tí ẹfọ̀n mọ̀, tí gbogbo Ìdó-Ọ̀pẹ mọ̀, ti tán lọ́fun mi.

Mo fẹ́ na ọwọ́ kàn án. Kò ṣeé ṣe, nítorí dídagun tí afárá náà dagun, bí mo bá fi ọwọ́ kan sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ á yí padà sẹ́yìn, á gbé ọmọ mi já sínú omi. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi kò lè bá mi kágò; ní ìlú náà, ẹni tó kàn ló ń kágò fún ara rẹ̀. Wọ́n dúró, wọn kò tì mí, wọn kò pòṣé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, kí n fi kẹ̀kẹ́ gbá gìgísẹ̀ bàbá náà. Bí mo bá gbá a díẹ̀ péré, á yà. Oòrùn ń wọ̀ lọ. Mo wo gìgísẹ̀ náà, ó ti gbó, ó ti sán, ó jọ gìgísẹ̀ bàbá tó bí mi. N kò lè ṣe é. Mo dúró lórí afárá, mo di kẹ̀kẹ́ mú, omijé ń dà lójú mi, mo ń bẹ Ọdẹ́bùnmi nínú ọkàn mi pé kó dárí jì mí.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan. Ó kéré, ó há díẹ̀, ó dà bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

“Àgò o, bàbá.”

Mo wo ẹ̀yìn, mo wo ẹ̀gbẹ́. Mo wá wo inú kẹ̀kẹ́. Àwẹ̀ró ti na ọrùn síwájú, ó ń wo ẹ̀yìn bàbá náà, ó ń dúró de èsì bí ó ti rí i tí mo ń dúró láti àárọ̀. Ó gbọ́ ọ láti orí iwin kúkúrú, ó gbọ́ ọ dé orí igi Kánmọ́kánmọ́, ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì ń rí i bí ojú ọ̀nà ṣe ń ṣí níwájú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá sọ ọ́.

Bàbá iwin náà yí padà. Ó tẹ̀ ba títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ojú ọmọ náà. Ó ní, “Àgò yà, ọmọ mi,” ó fa ara rẹ̀ mọ́ igi afárá, ó yà fún wa pátápátá.

Mo ti kẹ̀kẹ́ sáré kọjá. Bí a ṣe dé ẹnu Orísun Ohùn ni oòrùn wọ̀, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì pa dé níwájú wa. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ lérí. Bàbá iwin náà wá bá mi, ìgbà náà ni mo rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni olùṣọ́ ibẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo tún fẹ́ gbà níbẹ̀. Mo nawọ́ sí ọ̀fun ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé etí mi náà ti lọ ni? Àwẹ̀ró ń kágò fún labalábá kan tó bà lé etí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe délé? N kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Adènà dá ìbọn mi padà, mo dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, àwọn igi Igbó Aláriwo sì kì mí títí ó fi sú wọn, nítorí n kò ní ohùn tí mo lè fi dá wọn lóhùn. N kò pọn ọmọ náà mọ́. Ó ń rìn níwájú, mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń fi ọ̀rọ̀ kan náà kí eèrà, ó fi ń kí òkúta.

Òwúrọ̀ ni a wọ àgbàlá. Mo fẹ́ ké pe ìyá rẹ̀, n kò lè ké. Mo fẹ́ ká aṣọ ẹnu ọ̀nà kí n wọlé bí mo ti máa ń ṣe, nítorí pé ilé ọmọ mi ni, n kì í kágò níbẹ̀. Mo rántí, mo fà sẹ́yìn. Àwẹ̀ró ló lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà náà, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

“Àgò o.”

Mo gbọ́ ìró ẹ̀gúsí tí Ọdẹ́bùnmi ń bó nínú ilé. Ọmọ mi mọ ohùn gbogbo ọmọ tó wà ní àdúgbò yìí, ó mọ ti ẹni tó ń wá yá ata, ó mọ ti ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Kò mọ ti èyí. Ó dáhùn bí èèyàn ṣe ń dá àlejò lóhùn, kò dìde, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

“Àgò yà o. Ta nìyẹn?”

Àwẹ̀ró ronú díẹ̀. Kò tíì sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀.

“Èmi ni, ìyá mi.”

N kò mọ bí ó ṣe dìde. Mo kàn rí i ní ẹnu ọ̀nà, lórí eékún rẹ̀, ó di ọmọ náà mú, ó ń ní kó tún un pè, ó ń pè é, ó tún ń ní kó pè é sí i, òun tó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó òun. Èmi jókòó sórí àpáta tó wà lẹ́bàá ìdáná, mo ń sunkún láìdún, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo pa erin lọ. Atẹ ẹ̀gúsí ti dànù sílẹ̀ nínú ilé. Àwọn adìyẹ wọlé láìkágò, wọ́n jẹ ẹ́ tán, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó lé wọn.